Bí a ṣe ń fa ìtàn yọ nínú ọjọ́ lásán

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti gbọ́ pé ìwé ìtàn àròsọ ni mò ń kọ ló máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ẹ wá gbọ́ tèmi o. Ohun tí ojú mi ti rí, ìwé ńlá ni." Mo máa ń gbọ́ ọ, torí etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí kò tíì di ìtàn. Ikú, gbèsè, àìsàn, ìkọ̀sílẹ̀, kò sí ẹni tí ọ̀kan nínú wọn kò ní kàn. Wọ́n á di ìtàn nígbà tí ẹnì kan bá ń wá nǹkan lójú méjèèjì, tí nǹkan mìíràn dí i lọ́nà, tó sì ń fi ohun tó ń wá náà pa mọ́ fún ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Bí mo bá ti mọ ohun tí èèyàn ń fi pa mọ́ àti ẹni tó ń fi í pa mọ́ fún, orí kìíní ti wà lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kódà kí ogun jà nínú ìwé náà, ìròyìn lásán ni.

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ń wá a, àti ohun tí mo ń fi í ṣe tí mo bá ti rí i. Mo ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, mo ní ọkọ, mo ní ọmọ, ìyá ọkọ mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí èyí tó máa gba kí ẹ lọ gba ilé létí òkun tàbí kí ẹ fi odindi ọdún kan sinmi nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìwé kékeré

Ẹ ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò. Fóònù náà dára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ fóònù níta, àwọn èèyàn máa rò pé ẹ ń ya fọ́tò àwọn. Ẹni tó yọ ìwé àti bírò, wọ́n á rò pé ó ń ṣírò owó ni, kò sì sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo ti ń lo fóònù ni ìdí àwo: mo máa ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ bí mo bá ń fọ abọ́, omi á máa dún lẹ́yìn rẹ̀, àfi kí n tún fara balẹ̀ gbọ́ ọ kí n tó mọ ohun tí mo sọ.

Ẹ má kọ èrò yín sínú ìwé náà. Ẹ má kọ "inú rẹ̀ bà jẹ́" tàbí "ayé le." Bí ẹ bá ka irú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò ní sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ẹ lè fi ọwọ́ mú. Ohun tí ẹnu sọ ni kí ẹ kọ, àti ohun tí ọwọ́ ń ṣe nígbà tí ẹnu ń sọ ọ́, àti ohunkóhun tí kò bá ara mu. Díẹ̀ rèé nínú tèmi:

"Ọkùnrin kan ní báńkì, ó ń ka owó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ó fa ewé kan yọ nínú rẹ̀, ó fi í sínú ìbọ̀sẹ̀."

"Ọmọbìnrin méjì lórí ìlà. Ọ̀kan ní: 'Ṣé o ti dárí jì í?' Èkejì ní: 'Ṣé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn yẹn ni?'"

"Aládùúgbò wa ń nu mọ́tò rẹ̀ tó ti tà. Ẹni tó rà á dúró tì í, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Bàbá àgbàlagbà kan lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, káàdì wà lórí itan rẹ̀. Ó gbé fóònù sétí: 'Ara mi le. Ilé ni mo wà.'"

Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ tó sùn. Kì í ṣe ìgbàgbé ni mò ń bẹ̀rù. Ọpọlọ wa kì í lè fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe rí. Tó bá máa fi di ọjọ́ kejì, bàbá yẹn á ti máa sunkún lójú mi, bẹ́ẹ̀ kò sunkún rárá. Ó kàn ń fi èékánná ha etí káàdì náà ni. Anton Chekhov, dókítà ará Rọ́ṣíà tó ń kọ ìtàn mọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ní irú ìwé àkọsílẹ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ, tí kò di ìtàn kankan títí ó fi kú. Nítorí náà, bí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kó jọ kò bá wúlò, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Bàbá orí bẹ́ǹṣì

Ẹ mú ìlà kan nínú ohun tí ẹ kọ, kí ẹ jókòó tì í. Kí ló ń fẹ́? Kí ló dí i lọ́nà? Kí ló máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àṣírí bá tú? Màá fi bàbá orí bẹ́ǹṣì yẹn ṣe é lójú yín, torí àlàyé lásán kò lè fi iṣẹ́ yìí hàn. Ó sọ fún ẹnì kan pé ilé lòun wà, ilé ìwòsàn ló sì wà. Kí ló dé?

Ìdáhùn tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé àìsàn burúkú ń ṣe é, kò sì fẹ́ kó ìdààmú bá àwọn ọmọ rẹ̀. Irú ìdáhùn báyìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé o. Ṣùgbọ́n òǹkàwé ti ronú kàn án kí ẹ tó lanu, ẹ ò sì ní lè mú un dé ibi tí kò tíì dé. Ìdáhùn kejì: ọmọ rẹ̀ ti fi owó ìtọ́jú ránṣẹ́, ó sì ti ná an sí nǹkan mìíràn. Èyí sàn díẹ̀, torí ìtìjú ti wọ̀ ọ́. Ìdáhùn kẹta: ara rẹ̀ le lóòótọ́. Ẹlòmíràn ló ń ṣàìsàn. Káàdì tó wà lórí itan rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti tún ìjókòó mi ṣe.

Ta ló wá ni káàdì? Obìnrin tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ìyá ọmọ tó wà lórí fóònù. Ọmọ náà kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀ pé bó bá tún bá obìnrin yẹn da nǹkan pọ̀, kó má ka òun mọ́ ọmọ. Òun ló sì ń san owó ilé tí bàbá ń gbé. Ẹ wá wo bí gbólóhùn kékeré yẹn ṣe yí padà: "Ara mi le. Ilé ni mo wà." Òótọ́ ni apá kìíní, irọ́ ni apá kejì, òótọ́ sì ń bo irọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí obìnrin náà má dá jókòó síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló dí i lọ́nà. Ohun tó máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ọmọ yẹn kan náà, pẹ̀lú òrùlé tó wà lórí rẹ̀.

Mi ò mọ bàbá tí mo rí yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúnkún ló kàn ń dùn ún. Láti ìgbà tí mo ti fi obìnrin kan sínú yàrá dókítà fún un, ó ti di ẹlòmíràn, tèmi sì ni.

Ìbéèrè tó kàn ni èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé máa ń fò: ta ló máa sọ ìtàn náà? Ní 1947, òǹkọ̀wé ará Faransé kan, Raymond Queneau, tẹ ìwé kan jáde tó ti sọ ohun kékeré kan ṣoṣo ní ọ̀nà 99. Ọkùnrin kan bínú sí ẹni tó ń tì í nínú bọ́ọ̀sì; nígbà tó ṣe, wọ́n tún rí i níbòmíràn, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbà á nímọ̀ràn lórí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. Ó tán. Kò sí kinní kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó tó odindi ìwé, torí ẹni tó ń sọ ọ́ àti bó ṣe ń sọ ọ́ ń yí padà. Mi ò ní kí ẹ ṣe 99. Ẹ ṣe mẹ́rin, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Bí bàbá fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́, yóò máa wá àwíjàre ṣáá. Ẹni tó purọ́ kì í lè sọ ìtàn irọ́ náà láìgbèjà ara rẹ̀. Ìyẹn náà lè dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè sú mi. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ ọ́, ó máa mọ ohun tó wà nínú káàdì, kò sì ní mọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ó dára fún ìtàn kúkúrú. Bí obìnrin inú yàrá bá sọ ọ́, ó ń gbọ́ ohùn ọkọ àtijọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ bó ṣe ń sẹ́ òun. Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ orí fóònù ni mo mú, nítorí ohun kan tí mi ò ronú kàn àfi ìgbà tí mo lọ jókòó sí àyè rẹ̀: fóònù kì í gbé ohùn ẹnì kan ṣoṣo.

"'Ara mi le,' ni bàbá mi wí. 'Ilé ni mo wà.' Lẹ́yìn wọn, obìnrin kan pe orúkọ kan. Ó tún un pè. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ yẹn sí mi létí. Mo ní, 'Ó dáa, Bàbá. Ẹ sinmi dáadáa.' Mo sì dúró kí wọ́n kọ́kọ́ pa fóònù."

Wọ́n ti di méjì tó ń fi nǹkan pa mọ́ fún ara wọn báyìí. Bàbá ń fi ìyá pa mọ́, ọmọ sì ń fi í pa mọ́ pé òun ti mọ̀. Èyí lè gbé odindi ìwé, torí ìgbàkígbà tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, kódà bó jẹ́ ọ̀rọ̀ gílóòbù tó jó ni wọ́n ń sọ, òǹkàwé á máa wo ojú wọn. Ẹ sì tún un kà: kò sí ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ọmọ náà bínú.

Níbi ìpè yẹn gan-an ni kí ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí bàbá. Àtẹ̀yìnwá wúwo, òǹkàwé kò sì ní bá yín rù ú àfi bí ẹ bá ti kọ́kọ́ fi ìbéèrè kan sí i nínú. Nígbà tó bá ti ń bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni ìyá yìí tiẹ̀ ṣe gan-an?" ẹ lè fi ojú ìwé mẹ́ta sọ ohun tó ṣe, kò ní fo ìlà kan. Bó bá sì ń ṣe yín bíi pé kí ẹ ti sọ ọ́, ẹ tún fi orí kan sún un síwájú. Èmi máa ń kọ ìdáhùn náà sórí bébà, mo sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì mi. Bó bá ti wà níbẹ̀, ara kì í ta mí mọ́ láti lọ tú u sínú ìwé. Ìyá ọkọ mi kà á lọ́jọ́ kan, wọ́n rò pé ẹnì kan nínú ẹbí ni, wọ́n sì ní àwọn ti fura tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu

Ẹ fetí sí èèyàn méjì tó ti jọ ń gbé tipẹ́. Wọn kì í sábà dáhùn ìbéèrè ara wọn. "Ìgbà wo lo fẹ́ dé?" "Wọ́n mà ti mú iná lọ." Ìjà lè wà nínú rẹ̀, ìfẹ́ sì lè wà nínú rẹ̀, òǹkàwé ló máa gbọ́ èyí tó jẹ́. Nínú ìwé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kálukú ló ń tú gbogbo ọkàn rẹ̀ jáde, ìbéèrè kan, ìdáhùn kan, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdánrawò kan wà tí mo fẹ́ràn: ẹ kọ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó kún ojú ìwé kan, kí ẹ wá pa gbogbo ìlà tó dáhùn ìbéèrè ní tààràtà rẹ́. Ẹ ka ohun tó kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tún nílò àtúnṣe mọ́.

Àwa tó ń kọ Yorùbá ní irinṣẹ́ kan tí a kì í lò tó. "Ẹ" àti "o" ti sọ ipò àwọn méjèèjì kí a tó ṣàpèjúwe ẹnikẹ́ni, nítorí náà ibi tí ọ̀kan bá ti yà sórí èkejì, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó ń bínú sí bàbá rẹ̀ kò ní torí ìyẹn pè é ní "ìwọ." Ọ̀wọ̀ rẹ̀ ló máa pọ̀ sí i títí tí á fi tutù bí omi yìnyín. Ó lè yíjú sí ọkọ rẹ̀ kó kàn ní, "Wọ́n ní ilé làwọn wà." Bí ẹ bá tún wá kọ "ó fi ìbínú sọ ọ́" tẹ̀ lé e, ẹ ti bà á jẹ́.

Òwe ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo àgbà ló ń pòwe. Àgbà tí mo sún mọ́ jù lọ, ìyá ọkọ mi, bátìrì rìmóòtù ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń dá lé. Bí òwe bá wọ ìwé mi, ẹni tó fẹ́ fi í yẹ ìbéèrè sílẹ̀ ni mo máa ń fi sí lẹ́nu. Ìgbà náà ló máa ń dún bí òwe tí èèyàn pa lóòótọ́.

Ìgbà wo lẹ máa kọ ọ́?

Àwọn tó fẹ́ kó ìtìjú bá wa sábà máa ń pe orúkọ Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ló ń jókòó sídìí tábìlì, ó máa ń gbé aago síwájú, ọ̀rọ̀ 250 ló sì ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 15. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1883, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Inú ìwé yẹn kan náà ló ti sọ pé ìránṣẹ́ kan wà tí òun ń fún lówó láti máa jí òun, tó tún ń gbé kọfí wá. Èmi náà ní ẹni tó ń jí mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, òun ló sì máa ń fẹ́ kí n gbé omi wá.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn ni mo ti ń wá àpẹẹrẹ. Naguib Mahfouz ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Íjíbítì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí, ó ti kọ wọ́n kí ó tó fẹ̀yìn tì, Ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1988. Toni Morrison ń ṣiṣẹ́ olóòtú nílé iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, ó ń dá tọ́ ọmọkùnrin méjì, ìdájí kí wọ́n tó jí ló sì fi ń kọ tirẹ̀. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1970. Kò sí èyí tó dúró de ìgbà tí ọwọ́ máa dilẹ̀ nínú wọn.

Tèmi kò létò bíi tiwọn. Mo ń kọ nínú mọ́tò níwájú ilé ìwé àwọn ọmọ kí aago tó lù. Mo ń kọ ní ọ́fíìsì kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó dé. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ní dandan ni kí èèyàn kọ̀wé lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ọmọ bá ń gbóná, ọmọ ni à ń tọ́jú. Ohun tí mo di mú ni pé mi ò jẹ́ kí ojúmọ́ kan lọ láìka ojú ìwé tí mo kọ kẹ́yìn, ì báà jẹ́ lórí ìdúró nínú ilé ìdáná. Bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá láìṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn inú ìwé á di àjèjì, àfi kí n tún máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, máa ń sọ pé kí èèyàn dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì mọ ohun tó kàn. Ìmọ̀ràn gidi ni, àmọ́ ẹni tó lè yan ìgbà tó máa dáwọ́ dúró ló sọ ọ́ fún. Àwa yòókù, ariwo ló ń dá wa dúró. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé kí n tó kọ ìlà kan rárá, mo máa ń kọ ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún: "ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò." Ẹni tó bá fẹ́ kígbe lè kígbe nígbà náà.

Iṣẹ́ ilé náà ní ìwúlò tirẹ̀. Aṣọ lílọ̀ ló dára jù, lẹ́yìn náà abọ́ fífọ̀; ilé gbígbá kò dára, torí ó ń fẹ́ ojú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé dání lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá gbé odindi ìwé lọ sídìí áyọ́ọ̀nù, àníyàn lẹ máa gbé bọ̀. Ẹ sọ fún ara yín pé: "Ṣé ọmọ yìí máa bi bàbá rẹ̀ léèrè, àbí ó máa lọ fúnra rẹ̀ sí ilé ìwòsàn?" Kí ẹ wá máa lọ aṣọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹni tí ẹ mọ̀

Orúkọ yíyí padà kò tó. Gbogbo ẹbí ló mọ ẹni tó ní mọ́tò aláwọ̀ ewé tó sì máa ń wúkọ́ kó tó purọ́. Ẹ yí ọjọ́ orí, ẹ yí iṣẹ́, ẹ sọ ọkùnrin di obìnrin, ẹ sì wá ìdí mìíràn fún ohun tó ṣe. Ohun kan péré ni kí ẹ dá sí, èyí tó jẹ́ kí ẹ fẹ́ kọ nípa rẹ̀: ìkọ́ yẹn. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán, tí ẹ ṣì ń bẹ̀rù kó má kà á, ẹni yẹn ṣì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n bá fi ṣe àṣírí fún mi, mi ò kì í lò ó, bó ti wù kó dùn tó. Àwọn ọmọ mi náà kò sí nínú ohun èlò mi. Wọn kò tíì dàgbà tó láti kọ̀. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, mo lè mú ohunkóhun, tí mo bá ti lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè mọ ẹni tó máa bínú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ka ìwé mi kan, wọ́n pè mí lálẹ́, wọ́n ní kí ló dé tí mo fi sọ àwọn di onílé oníwàkiwà inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tó ń já ìlà níbi tí a ti ń gba pásípọ́ọ̀tù ni mo fi ṣe onílé yẹn. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà gan-an ni ọmọ kékeré tó máa ń ka àtẹ̀gùn sókè bó bá ń gùn ún. Wọ́n kọjá lára rẹ̀ láìwò ó.

Àtúnkọ

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e pamọ́ títí ẹ ó fi gbàgbé àwọn gbólóhùn tí ẹ fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ sì kà á sókè. Òǹkọ̀wé kan, Gustave Flaubert, máa ń ké gbólóhùn rẹ̀ sókè nílé rẹ̀ ní Croisset, lórílẹ̀-èdè Faransé, láti fi etí dán wọn wò. Bíi ọdún márùn-ún, láti 1851 sí 1856, ló fi kọ ìwé ìtàn rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde. Èmi kò lè ké ní tèmi, nítorí ògiri ilé wa fẹ́lẹ́. Inú mọ́tò ni mo ti ń kà á. Ibi tí ahọ́n mi bá ti kọsẹ̀, mo fàmì sí i, mi ò sì ní dúró tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, torí bí mo bá dúró, mi ò ní gbọ́ bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń lọ.

Àwọn ohun tí mo máa ń gé kì í yí padà. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ orí kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń tún ọ̀fun ṣe. Ẹni tó jí láàárọ̀ tó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí. "Lójijì." "Ó rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé," nígbà tí òǹkàwé ti wà nínú ọkàn náà tẹ́lẹ̀. Òjò tó rọ̀ kìkì nítorí pé ẹnì kan ń sunkún.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń fa ìlà sórí bébà ńlá kan: orúkọ àwọn èèyàn ní ẹ̀gbẹ́ kan, nọ́ńbà àwọn orí ìwé lókè. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ohun tí ẹni yẹn ti mọ̀ nígbà tí orí yẹn parí. Ó gba àkókò, kò sì sí ohun tó wúlò tó o, torí ìtàn tó bá dúró lórí ohun tí à ń fi pa mọ́ máa ń wó bí ẹnì kan bá lọ sọ ní orí karùn-ún ohun tí kò gbọ́ títí di orí kẹjọ. Ẹ kọ ọjọ́ orí wọn síbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òǹkàwé máa ń ṣírò.

Nígbà náà lẹ tó lè fún ẹlòmíràn. Ẹ má fún ẹni tó fẹ́ràn yín jù, ẹ má sì fún òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ yín lákọ̀ọ́kọ́. Ó máa fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ bí òun ṣe máa kọ ọ́. Ẹ wá ẹni bíi mẹ́ta tó ń kàwé fún ìgbádùn. Ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé ó dùn?" torí wọ́n á ní ó dùn. Ẹ bi wọ́n pé, "Ibo lẹ ti gbé e sílẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn?" Bí méjì nínú wọn bá dárúkọ ojú ìwé kan náà, ẹ má fi ọwọ́ kan ojú ìwé yẹn ná. Ẹ padà sẹ́yìn, bí ojú ìwé mẹ́wàá tàbí ogún, kí ẹ máa wá ibi tí ẹ ti tú àṣírí kan tí kò tíì tó àkókò. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn kan ni. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè láti ibẹ̀.